Iṣu Òdòdó Kọkànlélógójì

Gbogbo òdòdó inú yàrá onígíláàsì náà ló kẹ̀yìn sí oòrùn.

Ohun tí Averil Kitto kọ́kọ́ rí nìyẹn lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé Màmá Verdonk, ìyá àgbà aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní ọsibítù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ìkòkò mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ọjá ìkokò wà níbẹ̀, àbámodá wà níbẹ̀, èyí tí ewé rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí irun orí wà níbẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí òkun ni wọ́n tò wọ́n sí, kí wọ́n lè rí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ọdún. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó na ọrùn síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wọn tẹ̀ sí, bí àwọn èèyàn tó gbúròó ẹsẹ̀ ẹnìkan níta, tí wọ́n wá ń retí kó kan ilẹ̀kùn.

Averil kì í ṣe ẹni tó mọ òdòdó. Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló ń wà ní agbègbè Wynyard, ọdún kejìdínlógún rẹ̀ nìyẹn nídìí iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo òdòdó tí wọ́n ti fi ta á lọ́rẹ, kò sí èyí tó pé ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Clarrie ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí òdòdó òun kú ikú ìrọ̀rùn, kó gbé e fún ìyàwó òun. Nítorí náà, Averil sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ìyá àgbà ló yí àwọn ìkòkò náà padà kó tó ṣubú. Ó yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kí wọ́n kọjú sí fèrèsé. Ó fi àkísà tútù nu eruku ara ewé wọn bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó sì bu omi díẹ̀ sí ìdí wọn. Ìyá àgbà ti kìlọ̀ fún un pé bí ìgbà ìwọ́wé bá ti ń lọ sópin, gbòǹgbò òdòdó inú ilé máa ń sùn, ẹni tó bá sì ń rọ omi lé ẹni tó ń sùn lórí, pípa ló ń pa á.

Ewé tútù tó wọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ló mú kí Màmá Verdonk yọ̀ ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òun àti Wouter ọkọ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì wá sí Tasmania, erékùṣù ní gúúsù Ọsirélíà, níbi tí òtútù ti máa ń mú láti oṣù kẹfà. Ọkọ ti kú, ọmọ kò sí. Òun àti Averil ló pín ọgbà ẹ̀yìnkùlé, òun náà ló sì máa ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá tí òtútù bá mú Averil. Nígbà tí Averil lọ kí i ní ọsibítù ní ìlú Burnie, nǹkan méjì péré ló bẹ̀ ẹ́ sí: kó bá òun tọ́jú òdòdó inú ilé, kó sì bá òun gbin iṣu òdòdó túlíìpù, tó rí bí àlùbọ́sà kékeré, tó wà nínú àpò bébà ní ilé ìdáná. Ó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó parí, kí òtútù lè jẹ ẹ́ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní yọ òdòdó ní oṣù kẹwàá.

Lẹ́yìn náà ló di ọrùn ọwọ́ Averil mú.

"Ogójì ni kó o gbìn, ọmọ mi. Tó o bá gbìn ín tán, ọ̀kan á ṣẹ́kù. Má gbin ìyẹn o. Gbé e sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, kó o ti ilẹ̀kùn, kó o máa bá tìẹ lọ."

Averil bi í bóyá ológbò kan ló ń gbé e kalẹ̀ fún. Ìyá àgbà yí ojú sí ògiri.

"Ṣáà gbé e síbẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé ni Averil gbìn ín. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí òkun, ilẹ̀ pupa náà tutù bí irin. Ó ń gbẹ́ ihò tó jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ó ń ki iṣu kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí ṣóńṣó rẹ̀ sókè, ó sì ń fi erùpẹ̀ bò ó. Ó ń kà bó ṣe ń lọ, nítorí kíkà ti mọ́ ọn lára: kì í wa bọ́ọ̀sì kúrò lójú kan láìka orí àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́ ni ọ̀kan ṣẹ́kù lẹ́yìn ogójì. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, èèpo rẹ̀ ń dán. Averil gbé e lọ́wọ́ títí. Kí èèyàn gbé irú èyí sílẹ̀ fún pọ́sọ̀mù, ẹranko kékeré tó ń jẹko lóru, ìfiṣòfò ni lójú tirẹ̀. Ó rò ó pé àgbà ti ń ṣe ìyá, àti pé tí òdòdó náà bá yọ ní oṣù kẹwàá, inú rẹ̀ á dùn sí i. Ó gbẹ́ ihò kan sí i ní ìparí ebè, ó sì bo iṣu náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tó wọlé láti fọ ọwọ́, àwọn òdòdó inú yàrá onígíláàsì ti tún yí padà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọjú sí, gbogbo wọn. Averil kò yí wọn mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló pa dà lọ wò ó. Gbogbo ihò náà ló ti là sílẹ̀. Ẹranko tó bá wú nǹkan, yóò tú ilẹ̀ káàkiri ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wú èyí kó erùpẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òkìtì kékeré kékeré. Lórí àtẹ̀gùn, wọ́n to iṣu mọ́kànlélógójì náà lẹ́sẹẹsẹ. Gbogbo wọn ni wọ́n ti gé jẹ dé ìdajì. Ìdajì kejì ni wọ́n tò síbẹ̀.

Averil mú ọ̀kan. Kò mọ òdòdó, ṣùgbọ́n ó mọ eyín ọmọdé. Láti ọdún méjìdínlógún ló ti ń wo àwọn ọmọ nínú dígí bọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fi ibi tí eyín ti ká han ara wọn. Ojú eyín tó wà lára iṣu yìí kéré, ó sì ṣófo láàárín lókè, níbi tí eyín iwájú méjèèjì kò sí. Lápá òsì àlàfo yẹn, ìlà tín-ín-rín kan wà tó fi hàn pé eyín tuntun ti ń yọ orí. Ẹnu ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Ó mú un lọ fún Clarrie níbi tó ti ń jẹun àárọ̀.

"Pọ́sọ̀mù ni," ni Clarrie wí.

"Pọ́sọ̀mù wo ló ń to oúnjẹ sórí àtẹ̀gùn?"

"Èyí tí ìyá rẹ̀ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Ìyàwó, jẹ́ n jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Averil kò bá a rẹ́rìn-ín. Clarrie wá gba iṣu náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́. Nígbà tó jókòó tán, ó tún dìde, ó lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ̀rọ̀ pọ́sọ̀mù mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Averil wakọ̀ lọ sí Burnie. Ó bá ìyá àgbà nínú ipò tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ikọ́ ti wọ ọ́ láyà, kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Averil kò mọ bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣáà jẹ́wọ́ pé òun gbin gbogbo rẹ̀, pé nǹkan kan sì ti wú u.

"Ìdajì ló fi sílẹ̀, àbí?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ìdajì ni, mà."

Màmá Verdonk di ojú. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, tí Averil ní láti tẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbọ́.

Ó ní ìgbà òtútù tó gbẹ̀yìn ogun Hítílà ni, ní ìlú Haarlem ní ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì, òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn sójà Jámánì ti dí ọ̀nà oúnjẹ. Wọ́n jẹ èèpo ọ̀dùnkún títí tí èèpo náà fi tán, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í se iṣu túlíìpù jẹ. Ìyá rẹ̀ rán an lọ sí oko àgbẹ̀ òdòdó kan, ìrìn odidi òwúrọ̀. Ìyá Neeltje tó ń gbé ní ẹnu ọ̀nà kejì, tí àìsàn kò jẹ́ kó lè rìn, bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun náà gba tòun bọ̀. Neeltje ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká. Àpò méjì ni òun, Geertje bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà náà, gbé bọ̀ nínú yìnyín. Kó tó délé, ebi ti sọ fún un ohun tó máa ṣe. Ó gbé àpò kejì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá Neeltje, ó sunkún, ó ní àwọn sójà gbà á lọ́wọ́ òun.

"Mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Mo jẹ ogójì. Inú òkùnkùn ni mo ti ń jẹ ẹ́, ní tútù. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ọ̀fun mi kọ̀ ọ́."

Neeltje wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Geertje wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ṣí i. Ó wá lọ́jọ́ kẹta, Geertje kò ṣí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì dúró. Geertje ń wo òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó di èémí mú títí òjìji náà fi lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde nínú pósí páálí, nítorí igi ti tán nílùú. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìgbà ìwọ́wé àkọ́kọ́ tó lò ní Tasmania, ó gbin túlíìpù kí ilé lè jọ ilé. Láàárọ̀, ó bá gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ní ìdajì ìdajì. Láti ìgbà náà ló ti ń gbin ogójì tó ń gbé ẹyọ kan sílẹ̀ fún oní-nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò bá ìdajì ẹyọ kan náà níbẹ̀, yóò fi ọkọ́ kó o, yóò jù ú sínú iná. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bó ṣe ń san án nìyẹn, gbogbo ọdún wọ̀nyí náà ló sì ń ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ ò ṣí i rí ni, mà?"

"Mi ò ṣí i rí." Omi bọ́ lójú rẹ̀ sínú etí. "Mo ti ń kú lọ, Averil. Ibi tí mo ń lọ, kò sí ilẹ̀kùn tí mo máa rí tì níbẹ̀. Bá mi ṣí i. Sọ ibi tí mo wà fún un. Bó bá fẹ́ bi mí, kó wá bi mí nígbà tí mo ṣì lè dáhùn."

Averil ṣèlérí nítorí ó ṣòro láti má ṣèlérí. Bó ṣe ń wakọ̀ bọ̀ létí òkun, ojú ń tì í fún ara rẹ̀ pé àgbà bíi tòun ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tó já ọmọ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀, ilé Màmá Verdonk ló gbà lọ. Ó kọ́kọ́ bo àwọn ìdajì iṣu náà padà sínú ihò wọn, nítorí kò fẹ́ jù wọ́n sínú iná. Ẹyọ kan ló mú sílẹ̀, tó gbé sórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé gbayawu, ó jókòó sórí àga nínú yàrá onígíláàsì, kò bọ́ ẹ̀wù òtútù.

Aago márùn-ún kò tíì lù, ilẹ̀ ti ń ṣú. Òtútù wọlé bí omi. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àyàfi òkun tó ń ró lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan dé, òórùn aṣọ onírun àgùntàn tó rin fún omi, tí wọ́n sá sídìí iná èédú. Averil kò ní aṣọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi èédú dáná ní gbogbo àdúgbò yẹn.

Ọjá ìkokò tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ yí. Ewé líle bí idà ni ewé rẹ̀, atẹ́gùn kì í mì í, ṣùgbọ́n ó rọra yí orí kúrò lápá ilẹ̀kùn sínú yàrá. Àbámodá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni èyí tí ewé rẹ̀ dà bí irun. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n ń yí bọ̀, bí èrò ẹ̀gbẹ́ títì ṣe ń fi ojú sin ẹni tó ń kọjá. Wọ́n yí dé ibi tí Averil jókòó, wọ́n sì dúró. Iwájú rẹ̀ gan-an ni gbogbo wọn ń wò, ní ibi tí kò ga ju àyà rẹ̀ lọ púpọ̀.

Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ló jáde, láìjẹ́ pé ó wá a.

"Geertje ò sí nílé, ọmọ dáadáa. Ó wà ní ọsibítù ní Burnie. Ó ṣubú ni. Ó ní kí n ṣílẹ̀kùn fún ẹ, kí n sì sọ fún ẹ pé kó o wá."

Nǹkan tútù kan kàn án lórí ìka, ó fúyẹ́ bí ìka ọmọdé, ó sì kúrò. Nígbà tó gbójú sókè, àwọn òdòdó náà ti ń padà, díẹ̀díẹ̀, sí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti kù bí okùn pupa kan lórí òkun. Ìdajì iṣu tó wà lórí àtẹ̀gùn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Averil dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi í bóyá òun ni ìyá ọmọbìnrin kékeré tó wá kí Màmá Verdonk láàárọ̀. Averil ní rárá. Nọ́ọ̀sì náà ní ẹni yòówù tó bí i, kí wọ́n bá òun sọ fún un pé kì í ṣe irú òtútù yìí ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ rìn láìwọ bàtà. Ó ní ṣùgbọ́n oore ńlá ni ọmọ náà ṣe, nítorí láti ìgbà tó ti dé ni ìyá àgbà ti ń jẹun.

Màmá Verdonk jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀.

"Ó wá," ni ó wí.

"Kí ló bi yín, mà?"

"Kò bi mí ní nǹkan kan. Òun ló sọ fún mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Lọ́jọ́ kẹrin yẹn, Averil, kì í ṣe oúnjẹ ló wá tọrọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló gbé búrẹ́dì wá fún wọn láti abúlé. Ìyá rẹ̀ gé e sí méjì. Ó ní kó gbé ìdajì lọ fún Geertje, pé ọmọ tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nínú yìnyín nítorí wọn, tí àwọn sójà tún wá gba ẹrù lórí rẹ̀, kò yẹ kó sùn lébi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ń ṣàánú mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, mo sì di èémí mú kó má bàa mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

Ó wá yé Averil nígbà náà ìdí tó fi jẹ́ pé ìdajì ni ọmọ náà ń gbé sílẹ̀ fún Geertje, láti ọdún wọ̀nyí wá.

"Ṣé ẹ sọ òótọ́ fún un?" ló bi í nígbẹ̀yìn.

"Mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni sójà náà." Ìyá àgbà mi orí. "Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ń gbóòórùn iṣu náà lẹ́nu mi láti abẹ́ ilẹ̀kùn."

Kò kú o. Ní oṣù keje, wọ́n gbé e wálé, ó ń fi irin ìtilẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn. Àwọn ìdajì iṣu tí Averil bò mọ́lẹ̀, tí ẹni tó mọ̀ nípa òdòdó sọ pé wọn kò lè hù láé, hù ní oṣù kẹjọ, gbogbo wọn, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, wọ́n yọ òdòdó funfun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwòrán òdòdó pupa ló wà lára àpò tí wọ́n ti wá. Màmá Verdonk kò jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mọ́, ì báà jẹ́ nínú òjò. Averil máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ láti bá a fọ àwo àti láti bá a bomi rin òdòdó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá a nídìí tábìlì tó ti jẹun tán, àga kejì sì wà nítòsí tirẹ̀, wọ́n fi tìmùtìmù sórí rẹ̀ kó lè ga. Averil bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Ó bi í, bí ẹni ń ṣeré, ohun tí ìyá àgbà àti Neeltje máa ń bá ara wọn sọ.

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé tìmùtìmù náà.

"Ó ń bi mí ìgbà tá a máa lọ sílé. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. Ó ní ìyá òun á ti máa wá wa."

"Kí lẹ wá ń sọ fún un?"

"Mo ní ó kù díẹ̀."

Averil gbé àwo méjèèjì lọ sídìí omi, ó yí ẹ̀rọ omi gbígbóná sí wọn. Ó ti fọ ti àkọ́kọ́ tán kó tó rí i pé ọ̀rá bọ́tà wà lára èkejì náà, àti ojú ìka kékeré márùn-ún létí rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì tò ó lé èkíní lórí.